Bíréèkì M3 mi wọlẹ̀ lórí pápá: ṣé kí n ra kálípà ńlá?

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kent ni mo ń gbé níbí ní Ìlú Ọba. Mo ní BMW M3 E46 ti ọdún 2003, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e lọ sí pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, mo ti yí pápá ká bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Bí mo ṣe fẹ́ wọ kọ́nà Druids, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi bá a lọ dé ilẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra kó tó mú. Nígbà tí mo máa fi wakọ̀ lọ sílé, ó ti padà sí bó ṣe wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra kálípà (irin tó ń fún bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀) ńlá oní-písítìnì mẹ́fà, owó rẹ̀ sì ju £2,000 lọ. Ṣé ohun tó kàn nìyẹn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé ewu fò ọ́. Má tíì ra kálípà kankan o. Ohun tí o ṣàlàyé yìí, òróró bíréèkì rẹ ló hó.

Iṣẹ́ bíréèkì ni pé kó sọ eré ọkọ̀ di ooru, kó sì tú ooru náà dànù. Ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ìwọ tó o jókòó sínú rẹ̀ yóò tó 1,600 kílò. Tó o bá wà lórí eré 160 km ní wákàtí kan, tó o wá fà á wá sí 70, ooru tó jáde nígbà kan ṣoṣo yẹn tó láti mú omi tútù lítà mẹ́ta hó. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń di. Ojú ọ̀nà Indy ní Brands Hatch kò ju máìlì 1.2 lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lo fi ń yí i ká. Kí dísìkì (irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ̀) tó simi lẹ́yìn Druids, o ti dé kọ́nà Clearways, kó o tó mọ̀, kọ́nà Paddock Hill ti tún dé. Ooru á gba inú dísìkì wọ páàdì tó ń há a mọ́ra, á gba ara páàdì wọ písítìnì tó ń tì í láti inú kálípà, á sì bá òróró tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Òróró yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó ti wù kó o dé ìdérí rẹ̀ pa tó, omi á rí ara họ́ọ̀sì rọ́bà gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. DOT 4 (orúkọ irú òróró bíréèkì kan) tuntun gbọ́dọ̀ tó 230°C ó kéré tán kó tó hó. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, 155°C ni ìlànà gbà fún un. Nítorí náà, òróró tó ti pẹ́ nínú ọkọ̀ kò ní wàhálà kankan lójú títì, ṣùgbọ́n kò lè gba ìyà pápá. Tó bá hó, ó ti di afẹ́fẹ́ nìyẹn. Òróró kò ṣe é fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣe é fún. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ ń fún, agbára kankan ò dé ọ̀dọ̀ páàdì. Nígbà tó tutù, ó padà di òróró, ìyẹn ló fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan nígbà tó ò ń lọ sílé. Má jẹ́ kó tàn ọ́. Òróró tó bá ti hó báyìí, ẹ dà á nù.

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ yìí wá ni pé: ẹsẹ̀ rẹ rì ni, àbí ó dúró? Tó bá rì, òróró ni. Tí pẹ́dàlì bá dúró gbọin bí òkúta, tí o tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, páàdì ló ti gbóná kọjá agbára rẹ̀. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò sì pa pọ̀. Ẹni tó bá ta kálípà fún ọ láì bi ọ́ ní ìbéèrè yìí, ọjà ló ń tà.

Torí náà, orí òróró ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. ATE TYP 200 ń dé 280°C kó tó hó, Motul RBF 600 ń dé 312°C. Èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò ṣe é. Má fi DOT 5 sí i láéláé: sílíkóònù ni, kì í bá àwọn yòókù lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ jọ ti DOT 5.1. Kí ẹni tó bá máa fa òróró àtijọ́ jáde lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣí àpótí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há tí o bá tẹ bíréèkì gidi), torí òróró àtijọ́ máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tí o bá ń lọ sí pápá déédéé, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, má dúró di ọdún méjì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lókè, ẹ wo àwọn họ́ọ̀sì. Rọ́bà tó ti lo ogún ọdún á máa wú nígbà tó o bá tẹ bíréèkì. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun lára dára jù ú lọ. Ẹ tọ́jú páìpù irin tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn náà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù máa ń jẹ ẹ́ níbi tí ojú kì í tètè dé. Bí mo bá rí ìpẹtà tó jinlẹ̀ níbẹ̀, n kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ sí pápá rárá.

Ti páàdì: ìwọ tó jẹ́ ọkọ̀ kan náà lo fi ń lọ, òun náà lo fi ń bọ̀, Ferodo DS2500 yóò bá ọ mu. Pagid RS 29 lágbára jù ú lọ lórí pápá, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ lójú títì kò kéré. Páàdì pápá kì í mú dáadáa nígbà tó bá tutù, torí náà fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ láàárọ̀. Sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ pé o ti pààrọ̀ wọn. Kí wọ́n sì wo rọ́bà tí kálípà ń gùn lé bó ṣe ń rìn: tí páàdì bá jẹ níbì kan ju ibì kejì lọ, rọ́bà yẹn ti rọ̀; idẹ ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ fi páìpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bíréèkì, àárín dísìkì ni kó dojú kọ. Dísìkì tó ní ihò láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì máa ń fa afẹ́fẹ́ láti àárín, á sì tì í jáde létí. Tó bá jẹ́ ojú kan ló ń fẹ́ sí, ẹ̀gbẹ́ kan á tutù, èkejì á máa jóná.

Kálípà ńlá ńkọ́? Dísìkì iwájú rẹ jẹ́ 325 mm. Tí ABS bá ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó o tẹ bíréèkì gidi ní ìyípo àkọ́kọ́, bíréèkì rẹ ti lágbára tó táyà rẹ; kálípà ńlá kò lè mú ọ dúró kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó pọ̀ sí i láti gbé ooru lo máa rà. Ó wúlò, BMW fúnra wọn fi dísìkì 345 mm síwájú M3 CSL, irú M3 tí wọ́n ṣe kó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá fi ńlá síwájú láì wo ẹ̀yìn, ìdúró ọkọ̀ á yí padà, bẹ́ẹ̀ bíréèkì tí ilé-iṣẹ́ ṣe sí i ni wọ́n wò tí wọ́n fi ṣètò ABS. Ṣe àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí ná. Tí òróró tuntun bá tún hó, kọ̀wé sí mi, a ó jọ wo ti kálípà.

Nígbà tí o bá padà sí pápá, fi ìyípo tó gbẹ̀yìn rìn jẹ́jẹ́ láì tẹ bíréèkì púpọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ ẹ. Tí o bá dúró, má fa bíréèkì ọwọ́, má sì fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì. Jíà ni kó o fi dá a dúró. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí dísìkì tó gbóná, ó lè sán.