Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ Botox

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo gba abẹ́rẹ́ Botox síwájú orí nílé ọ̀rẹ́ mi kan tí a pé jọ sí. Ìpéǹpéjú mi ọ̀tún ti wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyinjú. Ẹni tó fún mi lábẹ́rẹ́ náà ní òun ní òmíràn tó máa yọ́ ti àkọ́kọ́ dànù láàárín ọjọ́ kan. Ṣé kí n lọ gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà tún fi abẹ́rẹ́ kan yín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí tí wọ́n ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tan irọ́ náà kálẹ̀. Ohun tó ṣeé yọ́ ni filler, jẹ́lì tí wọ́n ń fún sí ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè kún. Irú rẹ̀ kan, hyaluronic acid, oògùn kan tó ń jẹ́ hyaluronidase lè yọ́ ọ, nítorí ó wà lábẹ́ awọ níbẹ̀, ọwọ́ ń tẹ̀ ẹ́. Botox kì í ṣe filler. Orúkọ ọjà oògùn kan tí wọ́n fi ń dẹ iṣan, bí ti ojú híhunjọ, ni. Oró inú rẹ̀ ń jẹ́ botulinum toxin, kòkòrò àìfojúrí kan ló ń pèsè rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìpéǹpéjú sókè, ọpọlọ á rán iṣẹ́ gba inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé etí iṣan. Iṣan tí mò ń wí ni ẹran ara tó ń sún kì, kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Lẹ́nu okùn yẹn, acetylcholine ni ìránṣẹ́ tó máa jáde lọ jíṣẹ́ fún iṣan. Oró yìí á wọ ẹnu okùn náà, á gé purotéènì tí ìránṣẹ́ fi ń jáde. Ìránṣẹ́ wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ò ṣí. Iṣan ò gbọ́ nǹkan kan, ó bá dẹ̀. Nígbà tí ìpéǹpéjú yín fi wálẹ̀, oró ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Kí lẹ máa wá yọ́? Ara fúnra rẹ̀ ló máa tún ẹnu okùn náà ṣe. Ní iwájú orí, ó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Òótọ́ ni pé aporó wà, fún ẹni tí oró yìí ti tàn ká ara rẹ̀. Oró tó ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni aporó náà ń mú. Èyí tó ti wọ inú okùn kọjá agbára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń wà, kì í ṣe inú àpò ẹnikẹ́ni.

Mi ò rí ojú yín, nítorí náà dókítà ojú ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ó lè kọ apraclonidine, oògùn tí wọ́n ń kán sójú, tó ń ta iṣan kékeré mìíràn nínú ìpéǹpéjú jí, á sì gbé e sókè ní mìlímítà kan tàbí méjì. Ẹ má rà á fúnra yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè gbé oúnjẹ mì dáadáa, bí ohùn yín bá yí padà, bí ẹ bá ń rí nǹkan kan ní méjì, tàbí tí mímí ń ṣòro, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lójú ẹsẹ̀. Láti 2009 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sára oògùn náà.

Ohun tó tilẹ̀ ń já mi láyà jù ni ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Bí ẹ bá gbé ojúlówó ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ máa rò pé òfìfo ni: ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Omi iyọ̀ la ó fi pò ó. Ẹni tó ti fà á sínú síríńjì láti ilé rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó fún yín. Yúnìtì la fi ń wọ̀n ọ́n: 20 láàárín irun ojú méjèèjì, 155 sí ibi 31 fún ẹ̀fọ́rí túúlu, yúnìtì ilé iṣẹ́ kan ò sì bá ti òmíràn dọ́gba. Lọ́dún 2004, ní Florida, èèyàn mẹ́rin gba oró tí wọn ò ṣe fún lílò lára ènìyàn, ara wọn rọ, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn.

Èmi ò bá oògùn náà jà o. Ní 1989 tí FDA kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ojú tó ń wo ẹ̀gbẹ́ àti ìpéǹpéjú tó ń dì fúnra rẹ̀ ló wà fún. Ti ojú híhunjọ ò dé àfi 2002. Mo fún bàbá kan ní abẹ́rẹ́ náà, àrùn rọpárọsẹ̀ ló ti di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ ṣí ọwọ́ náà, ó fọ àtẹ́lẹwọ́, ó gé èékánná tó ti ń wọ inú ẹran.

Bí ẹ bá lóyún, tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí ẹ ní àrùn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó mú abẹ́rẹ́ kankan. Ẹ béèrè ìgò tí wọ́n lò lọ́wọ́ ẹni yẹn. Tó bá ní òun ti jù ú nù, ẹ kọ orúkọ tó sọ pé oògùn náà ń jẹ́, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́ lọ lọ́la.