Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí a bí ní kílò 1.6, tó ń mu mílíìkì agolo: ṣé ó tó fún egungun àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Bó bá jẹ́ mílíìkì ọmọ tó pé oṣù ni, kò tó. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ máa ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú kálísíọ́ọ̀mù egungun rẹ̀. Èyí tó tètè dé kò rí i kó. Ó nílò kálísíọ́ọ̀mù 120 sí 200 mílígíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì (èròjà egungun mìíràn) bíi mílígíráàmù 70 sí 115. Mílíìkì ọmọ tó pé oṣù sábà ní kálísíọ́ọ̀mù bíi mílígíráàmù 50 nínú 100 mílílítà. Bó bá mu 150 mílílítà fún kílò kan, 75 péré ló wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni kí ẹ béèrè. Ẹ má fún un ní ti sóyà o: phytate, ohun kan tó wà nínú ẹ̀wà sóyà, ń dí èròjà bíi kálísíọ́ọ̀mù lọ́wọ́ láti wọ ara.

Áyọ́ọ̀nù, èròjà tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 2 sí 3 mílígíráàmù fún kílò kan lójúmọ́, láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kọ́kọ́ ka ara agolo: bó bá mu 150 mílílítà fún kílò kan, èyí tó ní mílígíráàmù 1.2 nínú 100 mílílítà ti fún un ní 1.8 fún kílò kan, nítorí náà díẹ̀ ló kù láti fi kún un.

Àṣìṣe tó burú jù ni fífi ṣíbí ìyẹ̀fun mílíìkì kan lé iye tí agolo sọ kí ọmọ lè tètè sanra. Iyọ̀ á pọ̀ jù, kíndìnrín rẹ̀ kò sì tíì lágbára tó. Mílíìkì tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù náà lè fa gìrì.

Ní kíníìkì, ẹ ní kí wọ́n yẹ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ALP (ẹ́ńsáìmù kan tó máa ń pọ̀ sí i bí egungun bá ní ìṣòro) inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń lọ sílẹ̀ tí ALP ń gòkè, egungun ló ń ké yẹn.