Ẹni tó mọ iná ò wá lálẹ́ ọjọ́ náà

Àbúrò mi tó ní ilé oúnjẹ l'Óṣogbo, mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, méjì nínú wọn ń pa iṣẹ́ jẹ láìsọ fún yín, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ máa gé owó wọn tàbí kí ẹ kúkú lé wọn. Mo ti gé owó rí, mo sì ti lé èèyàn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi.

Ilé búrẹ́dì ni mo ní, ní Ìbàdàn, lápá Mọ́níyà. Òṣìṣẹ́ méje. Búrẹ́dì kò dà bí aṣọ títà, téèyàn lè ti ṣọ́ọ̀bù kó ní ó di ọ̀la. Bí a bá ti fi yíìsì sí ìyẹ̀fun, tí a ti pò ó, kò gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Yóò wú. Bí kò bá rí iná lásìkò, yóò wú kọjá ààlà, yóò wó lulẹ̀ nínú páànù, yóò sì máa rùn bí ẹmu àná.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, bí Kérésì ṣe ń sún mọ́lé, a po odidi àpò méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, kìlógíráàmù 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di agogo mẹ́jọ, ẹni tó ń ṣe ìdí ààrò kò tíì dé. Ọ̀gá Iná là ń pè é. Mo pe fóònù rẹ̀, ó kú. Agogo mẹ́sàn-án, ó ṣì kú. À ń wo ojú ara wa, torí òun nìkan ló mọ ìgbà tí ààrò onígi yẹn gbóná tó. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí: á wọ́ ẹyín iná àti eérú jáde, á bu ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan, á fọ́n ọn sílẹ̀ ààrò, á wá máa wò ó, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹni tó ń ka nǹkan. Bó bá dúdú kíá, á ní ká ṣì dúró. Bó bá rọra pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, á ní ká máa gbé e bọ̀. Gbogbo wa la ti rí i tó ń ṣe é láìmọye ìgbà. Kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń kà.

Èmi fúnra mi ni mo mú pákó ọlọ́wọ́ gígùn tá a fi ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a kó o sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ rọ̀ bí àmàlà. Ìgbà kejì, mo ti jẹ́ kí ààrò tutù jù. Kó tó di ìgbà kẹta, ìyókù ti kan. Nínú àpò méjì, ohun tá a rí tà kò tó ààbọ̀ àpò. Àpá tó wà lápá ọ̀tún mi, láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì ló yọjú, aṣọ àná ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gìrì ló mú ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ọsibítù ni wọ́n sùn, iná sì ti tán lára fóònù. Mo ní ṣé kò wá sẹ́ni tó lè yá a ní fóònù ní gbogbo ọsibítù ni? Ó dorí kodò. "Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ ṣáà máa gé owó náà ni. Ni mo bá kúkú dojú kọ ọmọ mi." Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo gé ₦2,000 lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó pẹ́ dé, n kò sì gbọ́ àlàyé.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó kúrò nínú mi. Kì í ṣe pé kò wá ló ba búrẹ́dì mi jẹ́, pé n kò tètè gbọ́ ni. Ká ní mo gbọ́ lágogo méjì ọ̀sán, n kò ní po ju ìwọ̀nba tí mo lè fara mọ́ bó bá bàjẹ́. Owó tí mò ń gé ló sì di ẹnu wọn. Kódà, ó ń fi kún àìwá: ẹni tó bá ti wo aago lójú ọ̀nà, tó rí i pé owó òun ti lọ, á padà sílé lọ sùn. Ohun tí n kò sì mọ̀ nígbà yẹn ni pé òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, Labour Act, kò fàyè gbà á kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ èèyàn. Òfin yìí kan náà ló ní bí òṣìṣẹ́ bá ṣàìsàn, tí dókítà sì fọwọ́ sí i, kó gba owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó lè tó 12 lọ́dún.

Ní báyìí, ẹni tí kò bá ní lè wá, kó pè mí kó tó di agogo méjì ọ̀sán. Kó pè o, kó má kọ WhatsApp, torí mo lè wà lọ́jà. Bó bá pè, n kì í bi í ní ìbéèrè ọlọ́pàá. "Ṣé kò sí o? Ṣé a ó rí ọ lọ́la?" Ó parí. Irọ́ tó bá tètè dé sàn fún mi ju òótọ́ tó dé lẹ́yìn tí ìyẹ̀fun ti wú. Ẹni tí kò pè tí kò sì wá, tiẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, a ó jókòó sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ ìwé fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì dé ẹ̀ẹ̀kẹta.

Èyí tó le jù ni kíkọ́ ẹlòmíràn níṣẹ́ ààrò. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ Ọ̀gá Iná kọ̀ jálẹ̀. Ó rò pé bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán, n óò lé òun. N kò dá a lẹ́bi. Bó bá jẹ́ èmi ni, bẹ́ẹ̀ ni n óò rò. Mo fi ₦5,000 kún owó oṣù rẹ̀, mo pè é ní owó olùkọ́, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé òun lọ̀gá ìdí ààrò. Láti ìgbà náà, alaalẹ́ Ọjọ́rú, ẹlòmíràn ló ń mú pákó, òun á fẹ̀yìn ti ògiri lórí àpótí, á máa bú wọn. Lọ́dọ̀ tiyín, ta ló mọ ọbẹ̀ yẹn sè tí oníbàárà kò fi ní mọ ìyàtọ̀? Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Abọ́ fífọ̀ lè dúró.

Ẹ wá alágbàṣe méjì sí ìtòsí pẹ̀lú, kí ẹ máa sanwó wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ti bá yín ṣiṣẹ́ rí, tí ẹ fi inú rere túká, ló dára jù.

Ìwé kékeré kan tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi: orúkọ, ọjọ́, ìdí. Ní 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lópin oṣù Karùn-ún, tí lítà epo fò láti bíi ₦190 kọjá ₦500, mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá kì í pa iṣẹ́ jẹ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bó bá ti ń di ọjọ́ 20, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ̀kan, orí á máa fọ́ èkejì. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Àfi ìgbà tí mo fi ìwé náà wé ọjọ́ tí mò ń sanwó: owó ọkọ̀ ló ń tán! Ọ̀kan nínú wọn ń ti Ìwó Road bọ̀ lójoojúmọ́. Mo yọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó oṣù, mo ń fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Inú rírun yẹn lọ. Torí náà, àwọn méjì yín yẹn, ẹ wo ọjọ́ tí wọn kì í wá kí ẹ tó lé wọn.

(Ẹni tó bá sì ń pariwo pé òṣìṣẹ́ òun ò wá lọ́jọ́ Iléyá, ara rẹ̀ ni kó bá wí. Àtọdúnmọ́dún ni Iléyá ń bọ̀.)

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gá Iná pè mí lágogo kan ọ̀sán, ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Mo ní kó sinmi. Àpò kan la pò dípò méjì, mo tètè pe àwọn tó ń wá gbà á tà pé kò ní pọ̀. Ọmọbìnrin tó ń ti Ìwó Road bọ̀ yẹn ló fọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀ ààrò, ètè tiẹ̀ náà sì ń mì. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù nígbà tó máa fi di agogo mẹ́jọ àárọ̀, àfi ẹyọ kan tí mo fi pa mọ́ fún Ọ̀gá Iná. Nígbà tó dé, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó fi èékánná ha ìdí ẹ̀, ó pòṣé. "Wọ́n jẹ́ kó pọ́n jù." Ó sì jẹ ẹ́ tán.