Èsì: Iṣẹ́ òru àti ìbínú tí kò nídìí

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn ni inú ti ń tètè bí yín, tí ẹkún ń gbọ̀n yín láìnídìí, àwọn kan sì ní ayé ló ń ṣe yín. Ẹ fi ayé sílẹ̀ ná, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èmi náà ṣiṣẹ́ òru fọ́dún 3 nílé iṣẹ́ kan ní Iléṣà níbí. Bí mo bá ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ láago 8 àárọ̀ báyìí ni ìyá ẹlẹ́rọ ata ìta wa máa fa okùn ẹ̀rọ. Tìrìrìrì! Ọjọ́ tí mo jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí ṣíbí tó já lọ́wọ́ ẹ̀, tó lọ sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ojú tì mí.

Aago kan wà nínú ọpọlọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká sùn. (Iṣẹ́ lórí aago ara yìí ni ará Amẹ́ríkà mẹ́ta fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017.) Ẹ ta aṣọ dúdú sójú fèrèsé, kí ẹ sì lo awò dúdú bí ẹ bá ń darí bọ̀ wálé. Obì àti kọfí, ẹ má fẹnu kàn wọ́n lẹ́yìn aago 2 òru. Ẹ bẹ ọ̀gá yín kí wọ́n máa yí àkókò iṣẹ́ yín láti àárọ̀ sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òru. Bí wọ́n bá yí i sẹ́yìn, ó máa ń ni ara lára jù.

Bí ìbànújẹ́ náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ifẹ̀. Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ má sí láyé mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.