Kí o tó fín bàálù sápá, ta ló ti yẹ ojú rẹ wò?

Lẹ́tà rẹ gùn, àbúrò. Àwòrán tí o fẹ́ fín sára ló gba ìdajì rẹ̀, ẹjọ́ ìyàwó rẹ ló gba ìdajì kejì. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó yẹ kí o torí rẹ̀ kọ̀wé, o fi pamọ́ sáàárín wọn bí ẹni tó ń gbé ẹrù òfin kọjá ẹnubodè.

Kí àwọn tó ń kà á lè bá wa lọ: ọkùnrin ẹni ọdún 29 ló kọ̀wé sí mi, ó ní kí n máa pe òun ní Ọmọ Òfuurufú. Láti kékeré ló ti ń wù ú kó di awakọ̀ bàálù. Kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ó ti rí ayàwòrán tó ya bàálù fún un, èyí tó máa gba gbogbo apá rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú iná kékeré kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó ìyẹ́ méjèèjì. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ lọ fò ná. Ohun tó wá ń bi mí ni pé: ṣé apá ló yẹ kí òun fín tátúù náà sí ni, àbí àyà? Àti pé báwo ni òun ṣe máa yí ìyàwó òun lọ́kàn padà?

Gbólóhùn tí mo ń wí nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an: "Nígbà tí mo fi àwòrán náà han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó ní iná ìyẹ́ òsì pupa, tọ̀tún jẹ́ àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi àwọ̀ kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, Mà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nílé wa."

Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, kẹ̀? Awakọ̀ bàálù lo fẹ́ dà, o ò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, o wá ní kí n bá ọ yan ibi tí abẹ́rẹ́ máa bà sí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí iná méjì yẹn ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Pupa ló wà ní ìyẹ́ òsì bàálù, àwọ̀ ewé ní ìyẹ́ ọ̀tún, funfun ní ìrù. Lóru, awakọ̀ ò rí bàálù kejì, iná rẹ̀ ló ń rí. Bó bá rí pupa tó ń gba ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ wá kọjá níwájú rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ yà fún onítọ̀hún. Bó bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀, bàálù yẹn dojú kọ ọ́ ni. Tí rédíò bá kú, iná làwọn tó wà nílé ìṣọ́ pápákọ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀: àwọ̀ ewé tó dúró gbọn-in, kó máa bọ̀ wá balẹ̀; pupa tó dúró gbọn-in, kó yàgò fún ẹlòmíràn, kó sì máa yípo lókè ná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí, iná mẹ́rin tò síbẹ̀: funfun méjì àti pupa méjì, ó ń bọ̀ bó ṣe yẹ, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pupa, ó ti wálẹ̀ jù. Ẹni tí pupa àti àwọ̀ ewé jọ ara wọn lójú rẹ̀, kí ni kó ṣe níbẹ̀? Kó fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin?

Ohun tó bí mi nínú ni pé gbogbo èyí lo mọ̀. Nínú lẹ́tà kan náà lo ti to orúkọ bàálù jọ fún mi, iye ẹ́ńjìnnì tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tí epo wọn ń gbé. Ẹni tó mọ̀ pé inú ìyẹ́ ni epo ń gbé mọ̀ pé dókítà gbọ́dọ̀ yẹ èèyàn wò kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Láti ọmọ ọdún 17 ni èèyàn ti lè gba ìwé àṣẹ ẹni tó ń fò fún ara rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 40 nínú bàálù ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. O ti fi ọdún 12 kọjá ìyẹn. O ní owó ni kò jẹ́. Mo gbà, ẹ̀kọ́ yẹn gbówó lórí. Ṣùgbọ́n owó tí o fẹ́ fi fín gbogbo apá yìí, ṣé kò lè san owó àyẹ̀wò ojú ni?

Ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àyẹ̀wò yẹn lè gba ohun tí o ti gbé sọ́kàn láti kékeré kúrò lọ́wọ́ rẹ, ìdí nìyẹn tí o fi ń yí i ká. Dípò kí o lọ gbọ́ èsì, o fẹ́ lọ kọ àlá náà sí abẹ́ awọ níbi tí omi ò ti lè fọ̀ ọ́, bí ẹni pé tó bá ti wọnú ara rẹ, dókítà ò ní lè sọ pé rárá mọ́.

Ìwọ nìkan kọ́. Irú lẹ́tà yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi ju ti àwọn tí ọkọ wọn ń rìnrìn òru lọ. Obìnrin kan ti ní kí wọ́n ya èèpo ìwé tí kò tíì kọ ojú ewé kan nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ti ra bàtà, ti ra aṣọ, ti sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé òun máa sá eré ìje kìlómítà 42 tán, kò tíì sáré yípo àdúgbò rí. Wọn ò ní béèrè bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ o. Àwọ̀ èèpo ìwé àti àwọ̀ bàtà ni wọ́n ń bi mí.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan wà, Peter Gollwitzer, tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2009. Lára àwọn tí wọ́n dán wò ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ òfin. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe sílẹ̀, kí wọ́n lè di lọ́yà. Ẹlòmíràn ka ti àwọn kan. Ti àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó kà á. Nígbà tí wọ́n wá gbé iṣẹ́ òfin síwájú wọn, àwọn tí wọ́n ti ka tiwọn ló tètè dìde nídìí iṣẹ́. Báyé bá ti ń wò ọ́ bí ẹni tí o fẹ́ dà, ọkàn rẹ á ti yó díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ló máa rí bàálù yẹn, wọ́n á sì bi ọ́ bóyá awakọ̀ ni ọ́. Mo ti ń gbọ́ èsì tí o máa fún wọn látibí.

Jẹ́ kí n fi ẹnì kan hàn ọ́. John Dalton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì mọ orúkọ rẹ̀, kì í rí pupa bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń rí i. Lọ́dún 1794, ó dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ ojú ara rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ wọn. Ó rò pé omi inú ojú òun ló ní àwọ̀ búlúù, ó ní kí wọ́n tú ojú òun wò tí òun bá kú. Ó kú ní 1844, wọ́n tú u wò, omi náà mọ́ gaara. Wọ́n tọ́jú ohun tó kù nínú ojú náà. Ní 1995, àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá inú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi tí ìṣòro náà ti wá. Òkú gbà kí wọ́n yẹ ojú òun wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tó wà láàyè lò ń sá.

Ẹ̀bi rẹ kọ́ ni ojú tí kò mọ àwọ̀, àrùn tó ń ranni náà kọ́. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Nínú ọkùnrin 100 tó jẹ́ ìran Yúróòpù, nǹkan bíi 8 ló ní in, obìnrin ò tó ẹyọ kan nínú 100. Ó sì ní ìwọ̀n: àwọn kan ò rí ìyàtọ̀ rárá, àwọn mìíràn ń rí i bí àwọ̀ náà bá dá ṣáká. Èwo ni tìrẹ? Èmi ò lè fi lẹ́tà mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ náà ò sì lè fi yẹ̀yẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ṣeé ṣe kí dókítà kọ́kọ́ ṣí ìwé Ishihara síwájú rẹ, àwọn àwòrán tóótòòtó aláwọ̀ oríṣiríṣi tí nọ́ńbà fara pamọ́ sínú wọn. Dókítà ojú ará Japan tó ń jẹ́ Shinobu Ishihara ló gbé e jáde ní 1917. Tí o bá kùnà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń lo iná tó jọ èyí tí awakọ̀ ń rí lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan tó kùnà nínú ìwé sì máa ń yege níbẹ̀. Kódà tí ìyẹn náà bá kọ̀, ìlànà àgbáyé fàyè gba kí ẹni tó ń fò fún ara rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìlera tó wà fún ọ̀sán nìkan. Ti awakọ̀ tó ń gbé èrò fún owó ló le jùyẹn lọ, ilẹ̀kùn ibẹ̀ lè tì pátápátá. Ó dáa, èwo lo fẹ́ nínú méjèèjì? Ṣé kí o fò ni, àbí kí o wọ yunifọ́ọ̀mù? Látòkè délẹ̀ lẹ́tà rẹ, mi ò rí i.

Má sì há àwọn àwòrán Ishihara sórí. Mo mọ̀ pé ó ti sọ sí ọ lọ́kàn, torí wọ́n kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. O lè tan dókítà jẹ, ṣùgbọ́n iná ilé ìṣọ́ ò ní nọ́ńbà nínú.

Lórí tátúù náà gan-an, o ò béèrè ohun tó yẹ kí o béèrè. Yíǹkì pupa ló sábà máa ń mú kí ara yún kó sì wú ju àwọn tó kù lọ. Àwọ̀ ewé wà lára èyí tó máa ń yọ iná lésà lẹ́nu jù tí èèyàn bá fẹ́ pa á rẹ́. Àwọ̀ méjì tí ojú rẹ ò mọ̀ yàtọ̀ síra náà ni! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín in tán, ta ló máa bá ọ wò ó bóyá iná òsì ò ti lọ sọ́tùn-ún?

Ó wá ku ìyàwó rẹ, ẹni tí o ní ó ń dí ọ lọ́nà. Padà lọ ka ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ. Kò sọ pé kí o má fín in. Kò pè é ní àlá ọmọdé. Ó ní kí o kọ́kọ́ lọ fò ná. Obìnrin yìí gbà pé o máa fò, o wá ń wá ọ̀nà àtiyí i lọ́kàn padà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí? Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀, gbogbo ilé yín mọ̀, èmi tí o ò rí rí náà ti wá mọ̀. Kò síbi tí o ti kọ ọ́ pé o sọ fún un. Tí kò bá mọ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ fún lálẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, wá dókítà tí àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú lórílẹ̀-èdè rẹ fọwọ́ sí, torí kì í ṣe gbogbo dókítà ló lè fún awakọ̀ níwèé ẹ̀rí. Gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì sọ fún un kó tó ṣí ìwé kankan pé pupa àti àwọ̀ ewé máa ń jọ ara wọn lójú rẹ. Ti apá tàbí àyà, mi ò ní èsì fún ọ.