Ṣé fítámì D lè mú kí ọmọ mi máa rí bọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ọmọ ọdún 9 ò rí ohun tí tíṣà ń kọ sí bọ́ọ̀dù mọ́ àfi tó bá jókòó níwájú pátápátá. Ẹnì kan ní oòrùn ni ò kàn án lára tó, pé tó bá lo fítámì D ìgò 3 kò ní nílò gíláàsì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Ẹ má rà á. Ìbéèrè yìí ò yéé wọlé, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tajà yẹn. Fítámì D kì í wo àìrí ọ̀ọ́kán. Ẹyinjú ọmọ náà ló ṣeé ṣe kó ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán ò wá balẹ̀ sórí rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, mọ́, kò sì sí oògùn tó ń fa ẹyinjú tó ti gùn padà.

Ibi tí wọ́n ti ń da ọ̀rọ̀ rú nìyí o. Òótọ́ ni pé ọmọ tó ń ṣeré níta kì í tètè ní àìrí ọ̀ọ́kán. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú ìta kún ọjọ́ ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé 6, nígbà tó pé ọdún 3, bíi 30 nínú 100 wọn ló ní in, àwọn tí wọn ò fi kún tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìta báyìí, wọ́n ní fítámì D ni! Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ni mà. Ohun tí àwa onímọ̀ ojú gbà jù ni pé ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ń jẹ́ kí rẹ́tínà tú èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde, òun ló ń dá ẹyinjú dúró kó má gùn jù. Lux la fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, inú kíláàsì lè má ju 500 lọ, ìta ọ̀sán gangan a máa kọjá 10,000, kódà abẹ́ igi ṣì ju inú ilé lọ dáadáa. Torí náà ọmọ tó dé fìlà tó jókòó síbòji ń jàǹfààní, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò kàn án lára. Lóòótọ́, fítámì D àwọn tí ò rí ọ̀ọ́kán sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n ìjókòó inú ilé ló fa méjèèjì.

Ẹ má sì ní kó tẹjú mọ́ oòrùn o, ó ń jó rẹ́tínà. Fítámì D àlòjù náà lè ba kíndìnrín jẹ́.

Èmi ò tíì yẹ ojú ọmọ náà wò, nǹkan míì lè wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ní gíláàsì, ẹ fún un, kì í ba ojú jẹ́, ẹni tó bá ní ó ń bà á jẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Wákàtí 2 níta lójúmọ́ dáa, àmọ́ èyí tó ti ní in ṣì máa nílò gíláàsì rẹ̀. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí mà, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.