Èsì: Ẹ bi í, kò léwu

Ẹ kú àníyàn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àbúrò yín ń mu ọtí, ó ń fa igbó, ó wá ń sọ pé ayé sú òun. Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Rárá o. Àwọn olùwádìí ti yẹ ẹ́ wò léraléra, ìbéèrè kì í bí èrò náà. Ẹ má pòwe, ẹ bi í gbangba.

Ẹ má sì sọ pé "ọtí ló ń sọ̀rọ̀." Ọtí gan-an ló ń dá kún ewu náà. Ohun tí èèyàn ì bá rò lẹ́ẹ̀mejì, á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Tí ọtí náà bá sì dá lójú rẹ̀, ìbànújẹ́ á tún jinlẹ̀ sí i.

Mo ń ta oògùn nítòsí Ọláìyá ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin kan máa ń wá ra oògùn ikọ́, mi ò sì gbọ́ kó húkọ́ rí. Lọ́jọ́ kan mo gbé àga fún un, mo bi í bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ó wo bàtà rẹ̀ títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe bi mí látijọ́?"

Ẹ mú àbúrò yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN), kí wọ́n tọ́jú ọtí àti ìbànújẹ́ náà pọ̀. Bó bá tún sọ pé ayé sú òun lálẹ́ òní, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn inú ilé kúrò nítòsí rẹ̀.